Bẹ́líìtì yọ lára gìtá mi lẹ́ẹ̀mejì: strap lock (lọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì yọ) wo ni kí n rà, báwo ni kí n ṣe dè é mọ́ igi?

OkùnMẹ́fà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bẹ́líìtì ti yọ lára gìtá iná mi láàárín oṣù kan. Lákọ̀ọ́kọ́, mo jókòó ni, mo fẹ́ dìde, ìdí rẹ̀ bá yọ, mo fi itan gbà á. Ti Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n sùn. A wà láàárín orin, mo yíjú sí onílù pé kó mú wa wọ ègbè, bọ́tìnnì òkè, kókó irin tí a fi ń kọ́ bẹ́líìtì, bá bọ́ kúrò nínú ihò bẹ́líìtì. Ọwọ́ òsì mi wà lọ́rùn gìtá, òun ló yọ mí. Ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, ọ̀dà ṣí létí ibẹ̀, àmọ́ igi ò là.

Irú gìtá Gibson tí wọ́n ń pè ní Les Paul ni, ó lé ní kílò 4. Bẹ́líìtì awọ ni mo ń lò, ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀ nítorí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbọ́ orúkọ Schaller, Dunlop àti Loxx, àwọn kan tún sọ pé rọ́bà lásán ti tó. Èwo ni kí n mú? Ṣé mo lè dè é fúnra mi láìba igi jẹ́? Mi ò fi dírílì kan gìtá rí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

ÌróTóRọ̀

Pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bí àyà ṣe máa ń já.

Má tíì náwó. Rọ́bà pupa ẹnu ìgò bíà Grolsch, ìgò tí wọ́n ń fi wáyà de ìdérí rẹ̀ yẹn, ni àwọn onígìtá ti ń lò tipẹ́. Fi bẹ́líìtì kọ́ bọ́tìnnì bó o ṣe máa ń ṣe, kó o wá na rọ́bà náà kọjá orí bọ́tìnnì kó lè jókòó sí ọrùn rẹ̀, níwájú awọ. Ihò rọ́bà kéré gan-an ju orí bọ́tìnnì lọ, kò lè ṣèèṣì yọ. Fender pàápàá ń ta irú rẹ̀. Gìtá mẹ́ta ni mo fi í sí, mi ò lu ihò kankan, mi ò tú sikúrúù kankan.

BàbáAlátùnṣe

Rọ́bà tí ÌróTóRọ̀ sọ ò burú. Bí gìtá bá fúyẹ́ tí ihò bẹ́líìtì ṣì le, ó tó bẹ́ẹ̀. Ti OkùnMẹ́fà yàtọ̀: ihò awọ ti fẹ̀, gìtá sì wúwo. Rọ́bà máa ń gbó, ó máa ń sán, èèyàn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò títí di ọjọ́ tó máa já. Bí gìtá bá sì ní ọ̀dà nitrocellulose, bí ọ̀pọ̀ Gibson ṣe ní, ẹ má jẹ́ kí rọ́bà máa fara ti ọ̀dà yẹn nínú àpótí. Ó máa ń jẹ ẹ́, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára lórí irú Les Paul. Orí gìtá yẹn dà sẹ́yìn. Ti Gibson àtijọ́ jẹ́ digirii 17. Mahogany ni igi ọrùn rẹ̀, ibi tí orí ti pàdé ọrùn ló tínínrín jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì tún gbẹ́ kòtò sí kí a lè rí truss rod, ọ̀pá irin inú ọrùn, tún ṣe. Bó bá fi ẹ̀yìn lulẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́. Mi ò lè ka iye irú rẹ̀ tí mo ti lẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń dùn mí nígbà gbogbo, torí ojú ẹni tó gbé e wá máa ń dà bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ti Fender, orí rẹ̀ bá ọrùn lọ gbọọrọ, òun máa ń gba ìṣubú mọ́ra jù ú lọ.

Ní ti èyí tó yẹ kó rà. Schaller, ilé iṣẹ́ Jámánì, máa ń ní irin kan lára bẹ́líìtì tó rí bíi pátákò ẹṣin. Pátákò yìí ló ń gbá orí bọ́tìnnì mọ́ra, píìnì kékeré tí sípíríìngì ń tì á sì wọ inú ihò àárín bọ́tìnnì kó má lè yọ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé pátákò ló ń ru gìtá, kì í ṣe píìnì. Sípíríìngì ì báà kú, gìtá ṣì máa kọ́, bí ẹ bá ti dè é kí ẹnu pátákò kọjú sí òkè, síbi tí bẹ́líìtì ń fà sí, kí bọ́tìnnì sì jókòó sínú ikùn rẹ̀. Ẹ ò gbàgbọ́ bí àwọn tó ń dè é ní ìdàkejì ṣe pọ̀ tó.

Dunlop yàtọ̀. Ọ̀pá kékeré kan ló wọ inú ihò bọ́tìnnì, àwọn bọ́ọ̀lù irin tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa yọ síta láti há mọ́ inú ihò. Ẹ tẹ àárín rẹ̀, bọ́ọ̀lù á wọlé, ọ̀pá á jáde. Ó ń yí bó ṣe wù ú, bẹ́líìtì kì í lọ́. Èyí tí wọ́n ń rì sínú igi kó má yọ síta rárá náà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn gba ihò ńlá. Kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Loxx, ará Jámánì lòun náà. Ìdè tí wọ́n ń lò fún tápólì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sọ di ti gìtá. Ẹ ní láti fa orí rẹ̀ sókè kó tó tú, ó sì dì gan-an. Orí bọ́tìnnì rẹ̀ kéré ṣá o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé bẹ́líìtì yín sílé, ti ẹlòmíì kò ní dúró lórí rẹ̀.

Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo fẹ́ kí OkùnMẹ́fà gbọ́ nìyí: nínú àwọn gìtá tó ti ṣubú tòun ti lọ́ọ̀kì lára, tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi, ṣàṣà ni èyí tí lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ já. Sikúrúù inú igi ló máa ń yọ, tàbí nọ́ọ̀tì tó de lọ́ọ̀kì mọ́ bẹ́líìtì. Ibi méjèèjì yìí ni kó o fi ọkàn sí ju orúkọ tó wà lára páálí lọ.

ÀǹtíBéèsì

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì yẹn, èmi jẹ́rìí sí i. Béèsì ni mo ń ta, ó sì wúwo ju gìtá yín lọ. Lọ́ọ̀kì onípátákò kan tí kò ní orúkọ lára ni mo kọ́kọ́ rà. Ó dára lójú, mo fi ọwọ́ lásán dè é mọ́ bẹ́líìtì, mo ní ó ti parí. Bí mo ṣe ń mì tí mo ń jó, nọ́ọ̀tì yẹn ń tú díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń kó ohun èlò sọ́kọ̀, mo rí nọ́ọ̀tì náà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ku awọ nìkan tó ń di gbogbo béèsì mú. Ara mi bù máṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn, sípánà ni mo fi ń dè é, mo sì ń fi ẹ̀kán Loctite (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) aláwọ̀ búlúù kan sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn eyín tí nọ́ọ̀tì ń yí lé. Búlúù o! Ẹ má fi pupa sí i, pupa ò ní tú mọ́ bí kò ṣe pé ẹ yọ iná sí i, awọ sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní nọ́ọ̀tì rárá, Schaller ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní S-Lock: irin róbótó kan ni ẹ máa yí wọlé, ẹ ó wá fi Allen key (ìyísikúrúù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà) kékeré de sikúrúù tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má lè yí padà. Òun ló wà lára béèsì mi báyìí.

Àyìndé_Wáyà

Èmi ò lè fi Dunlop sílẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣeé fi bẹ́líìtì lásán kọ́, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ bí mo bá yá ẹlòmíì ní gìtá. Gìtá mẹ́rin ni mo ní, mo ra bọ́tìnnì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni mo ń gbé kiri láàárín wọn.

Ẹ sáà rí i pé bọ́tìnnì ìtẹ̀ àárín yẹn padà síta pátápátá lẹ́yìn tí ẹ ti tì í wọlé. Bí kò bá jáde tán, bọ́ọ̀lù ò tíì há. Mo máa ń fà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi gìtá kọ́rùn, ojoojúmọ́. Ó ti mọ́ mi lára bíi fífọ ẹnu.

OkùnMẹ́fà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra S-Lock tí ÀǹtíBéèsì sọ, nítorí ọ̀rọ̀ pátákò tó ń ru gìtá yẹn wọ̀ mí lára.

Mo tú bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ wò lónìí, ọ̀ràn méjì ló sì yọjú. Ìkíní, sikúrúù tó bá lọ́ọ̀kì wá tínínrín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe fi í sínú ihò, ó kàn wọlé láìjẹ igi rárá, mo lè fi ìka fà á jáde. Ìkejì, mo ní kí n wá lo sikúrúù àtijọ́ nínú bọ́tìnnì tuntun, ó jẹ igi dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tóbi, kò wọ inú kòtò bọ́tìnnì tán. Píìnì ò wá lè há. Mo tì í, ó ń yọ́ jáde. Kí ni kí n ṣe?

Akọrin_Òwúrọ̀

Super glue ni. Kán an sínú ihò, fi sikúrúù tuntun sí i, dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

BàbáAlátùnṣe

Akọrin_Òwúrọ̀, jọ̀wọ́, ẹ má gba ọmọ níyànjú bẹ́ẹ̀. Super glue máa ń le gbagidi, ó sì máa ń ṣẹ́ bíi gíláàsì bí ohun wúwo bá ń gbọ̀n ọ́n. Bó bá dà sára ọ̀dà, àpá dé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá sì fẹ́ tú sikúrúù yẹn, orí rẹ̀ ló máa bó, tàbí kó ṣẹ́ sínú igi. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan wa irú rẹ̀ jáde.

OkùnMẹ́fà, inú mi dùn pé o dúró bi wá léèrè. Sikúrúù tó bá lọ́ọ̀kì wá ni kó o lò, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n wọn kòtò bọ́tìnnì fún. Píìnì gbọ́dọ̀ ráyè wọlé. Bí orí sikúrúù bá yọ sókè díẹ̀ báyìí, lọ́ọ̀kì kò tíì di lọ́ọ̀kì. Ihò igi ló yẹ ká tún ṣe.

Mú gọ́ọ̀mù káfíńtà, funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ àga. Fi téèpù lẹ àyíká ihò kí gọ́ọ̀mù má kan ọ̀dà. Tẹ gọ́ọ̀mù náà wọ inú ihò, kó o wá máa ti igi ìtayín tí o ti rì sínú gọ́ọ̀mù wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní gba òmíràn mọ́. Rọra fi òòlù kékeré lu àwọn tó kẹ́yìn. Gé èyí tó yọ síta kó bá ara gìtá dọ́gba. Ẹ̀yìn náà ni kó o gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí 24. Mo mọ̀ pé yóò wù ọ́ láti fọwọ́ kàn án ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Má fọwọ́ kàn án.

Bó bá gbẹ, lu ihò tuntun sí àárín. Ojú ni wàá fi mọ ìwọ̀n abẹ dírílì: gbé e síwájú sikúrúù nínú ìmọ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bo ara sikúrúù, kó jẹ́ pé eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lò ń rí lọ́tùn-ún lósì. Bí sikúrúù bá jẹ́ mílímítà 3.5, abẹ mílímítà 2.5 kì í jìnnà sí i. Lẹ téèpù mọ́ abẹ náà níbi tí gígùn sikúrúù parí sí, kó o lè mọ ibi tó o máa dúró. Fi ọṣẹ líle tàbí àbẹ́là pa eyín sikúrúù, kó lè wọlé láìfipá. Screwdriver ọlọ́wọ́ ni kó o fi yí i, kì í ṣe oníná, kó o sì mú èyí tó bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí.

Ìdí tí mo fi ní kó o ṣe ti ìsàlẹ̀ dáadáa ju ti òkè lọ ni pé níbẹ̀, sikúrúù ń wọ igi láti ojú gígé rẹ̀, níbi tí okùn igi parí sí. Igi kì í di sikúrúù mú níbẹ̀ tó bó ṣe ń dì í mú bó bá wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ihò tó ti fẹ̀ jù.

Àyìndé_Wáyà

Ẹ̀gbọ́n, bí igi ìtayín ò bá dì í mú ńkọ́?

BàbáAlátùnṣe

Bí ihò bá ti jẹ kọjá bẹ́ẹ̀, a máa fi abẹ mílímítà 6 lu ú kó mọ́, a ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀pá igi líle róbótó sínú rẹ̀, a ó lu ihò kékeré sí àárín ọ̀pá yẹn. Ó máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lu gìtá rí, kó gbé èyí lọ fún alátùnṣe. Bí dírílì bá yọ̀ lórí ọ̀dà, kò sí ohun tó máa dá a padà.

Dúdúyẹmí_SG

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Gìtá SG ti Gibson ni tèmi, bọ́tìnnì òkè rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti wọ ara. Ibo ni mo máa wá kọ ẹnu pátákò sí níbẹ̀?

ÀǹtíBéèsì

Àyà rẹ ni bọ́tìnnì yẹn kọjú sí, orí SG sì máa ń fà wálẹ̀, bẹ́líìtì á máa lọ́ sọ́tùn-ún sósì. Fún irú rẹ̀, èyí tó ń yí fàlàlà bíi ti Dunlop ló rọrùn jù. Bó o bá ta kú pé pátákò lo fẹ́, gbé gìtá kọ́rùn kó o tó de nọ́ọ̀tì, jẹ́ kí ẹlòmíì wo ibi tí bẹ́líìtì ń fà sí gan-an, ibẹ̀ ni kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí.

Má gbé bọ́tìnnì yẹn lọ sí ibòmíì láìbéèrè o. Mo rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń lu ihò sí ìwo SG, ìwo yẹn sì tínínrín.

ÌróTóRọ̀

Mo ń kà á bọ̀ láti òkè. Lóòótọ́ mo ṣì fẹ́ràn rọ́bà mi, ṣùgbọ́n mo lọ tẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lẹ́yìn ohun tí bàbá sọ. Méjì ti sán ní etí inú, níbi tí ojú ò tó. Mo ti pààrọ̀ wọn. Ẹ ṣeun, bàbá.

OkùnMẹ́fà

Ìròyìn dé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Mo fi igi ìtayín dí ihò ìsàlẹ̀, mo sì dúró wákàtí 24 gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí kí n yọjú sí i. Mo fi ọṣẹ pa sikúrúù, ó wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó jẹ igi, bọ́tìnnì jókòó, wọ́ṣà aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì fún jù. Ti òkè, ihò rẹ̀ ṣì dára, igi ìtayín méjì péré ló gbà.

Ibi tí mo wá há sí ni bẹ́líìtì. Awọ tuntun ni mo rà nítorí ihò ti àtijọ́ ti bàjẹ́, ó sì nípọn, ó tó mílímítà 4. Irin róbótó yẹn kàn mú ojú ọ̀nà díẹ̀ ní òkè, kò wọlé tán. Sikúrúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n fi í bẹ́ẹ̀?

ÀǹtíBéèsì

Rárá o, má fi í bẹ́ẹ̀! Ọkàn rẹ tí kò balẹ̀ yẹn sọ òótọ́ fún ọ.

Tú u. Fa ìlà róbótó sí ẹ̀yìn awọ, kó fẹ̀ ju irin yẹn lọ díẹ̀. Mú abẹ tó mú gan-an, kó o máa bó awọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn, nínú ìlà yẹn nìkan, títí yóò fi tínínrín bíi mílímítà 2 àti ààbọ̀. Má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, ojú dídán yẹn ló ń fún awọ lágbára. Má sì jẹ́ kí ihò náà fẹ̀ ju bí ọ̀pá irin ṣe fẹ̀ lọ. Ó yẹ kó há díẹ̀ bó o bá ń tì í bọ̀ ọ́.

BàbáAlátùnṣe

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí n fi ìkan kún un: lẹ́yìn tó o bá parí, má kọ́kọ́ gbé e kọ́rùn lórí ilẹ̀ líle. Dúró sórí ibùsùn tàbí kí tìmùtìmù wà lábẹ́ rẹ̀, kó o fà á sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o gbọ̀n ọ́n ju bó o ṣe máa gbọ̀n ọ́n lórí ìtàgé lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yẹ sikúrúù igi méjèèjì àti sikúrúù Allen ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kì wò. Awọ tuntun máa ń fún pọ̀ lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀, ohun tó dì lónìí lè ṣí díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kó o sì máa gba wáyà áńpù kọjá láàárín bẹ́líìtì àti ara gìtá kó tó wọ ihò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ wáyà mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì ló máa fà, kì í ṣe ihò jáàkì.

OkùnMẹ́fà

Mo bó awọ náà bí àǹtí ṣe ní kí n ṣe. Irin wọlé tán báyìí, ojú ọ̀nà méjì sì yọ síta lókè rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n lórí ibùsùn títí apá fi ro mí, kò mì.

Ọ̀sẹ̀ kan ti pé lónìí. Sikúrúù igi méjèèjì ò yí rárá. Allen ti òkè gba ìdá mẹ́rin àyíká kan, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe sọ tẹ́lẹ̀, ti ìsàlẹ̀ dúró bó ṣe wà. A ta orin wákàtí méjì lálẹ́ àná, mo yíjú sí onílù nígbà tó wù mí, ọwọ́ òsì mi sì ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.